Tíì Olóòórùn Ọsàn tí Ràmọ́nì Sè Níwájú Mọ́ṣáláṣí

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Ràmọ́nì fi se tíì ìṣínu fún mọ́ṣáláṣí àdúgbò wọn ní Ṣakí. Kò sí ààwẹ̀ kan tí ó yẹ̀. Ìkòkò ńlá méjì, ata ilẹ̀ gígún, ewé tíì, mílíìkì, ṣúgà. Bí wọ́n bá ti pe ìrun Mágàríbì báyìí, igba ènìyàn á ti na ife sí i. Lọ́jọ́ lásán, ẹ̀gbẹ́ gáréèjì ló ti ń tà á, pẹ̀lú búrẹ́dì àti ẹyin díndín. Tó bá ń dà á láti inú ife kan sí èkejì kí ó lè hó, tíì náà á gùn bí okùn, ẹ̀kán kan kò ní ta sílẹ̀.

Ó ní iṣẹ́ kejì. Òun ló ń wẹ òkú ọkùnrin fún àdínì. Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ. Ọjọ́ tó bá wẹ òkú, kì í dáná tíì. Awakọ̀ tó bá dé ìsọ̀ tí kò rí èéfín á kàn mi orí, á wá búrẹ́dì rẹ̀ lọ síbòmíràn. Bó bá di ọjọ́ kejì, á padà wá, kò sì ní béèrè ibi tí Bàbá lọ lánàá. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é. Ọwọ́ kan náà ni, gbogbo wọn ló mọ̀, ṣùgbọ́n ẹnu kì í sọ ọ́. Bí ẹnu bá sọ ọ́, ta ni yóò tún mu tíì?

Lọ́dún yìí, ó ku bí ọ̀sẹ̀ méjì kí ààwẹ̀ wọlé, Samsudeen akọ̀wé mọ́ṣáláṣí gbé ọ̀rá kan wá sí ìsọ̀. Ọmọ ogójì ọdún ni. Ó lọ sí Mẹ́kà lọ́dún tó kọjá, láti ìgbà náà kò sí nǹkan ilé tó tún dùn lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Ó kó páálí tíì mẹ́ta jáde: ọ̀kan yẹ́lò, ọ̀kan aláwọ̀ ewé, ọ̀kan dúdú. Àwọn ọlọ́kadà tó ń gba ẹnu bodè kọjá ló bá a rà á wá.

Ó ní, "Bàbá Sodiqat, tíì gidi rèé o. Èyí tí wọ́n ń mu níbi tí ojú ti là. Òróró èèpo ọsàn kan ni wọ́n fi sí i. Bágámọ́ọ̀tì lorúkọ ọsàn náà."

"Tíì tí mò ń sè, ojú rẹ̀ fọ́ ni?"

"Ẹ má bínú, Bàbá. Lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, kí ẹ se mẹ́tẹ̀ẹ̀ta níwájú mọ́ṣáláṣí, kí àwọn àgbà tọ́ ọ wò. Èyí tí ẹnu wọn bá gbà la ó fi ṣínu."

"Bí mi ò bá sè é ńkọ́?"

Samsudeen wo òdì kejì títì, níbi tí Misturat ti ń din àkàrà. "Ìyá Mojeed ti ní òun lè sè é."

Ọ̀rọ̀ yé Ràmọ́nì. Ilé tí iṣẹ́ kejì bá gbé e wọ̀, ẹkún ló máa ń bá níbẹ̀. Ìdí ìkòkò ìṣínu nìkan ni gbogbo àdúgbò ti máa ń rí i tí wọ́n á rẹ́rìn-ín. Ìyẹn ni wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí èèpo ọsàn.

Ọjọ́ Jímọ̀ pé. Ó to ààrò mẹ́ta. Ó kọ́kọ́ tú páálí yẹ́lò, ó gbọ́ òórùn rẹ̀, imú rẹ̀ ká. Ó sè é, ó tọ́ ọ wò. Ọsàn náà gba iwájú ahọ́n, kò sí tíì kankan lẹ́yìn rẹ̀. Ó da mílíìkì sí i. Ọsàn sá lọ, ohun tó jọ ọṣẹ ṣẹ́kù sí i lẹ́nu.

Ògúndìran, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, gbé iṣu wá láti Okaka lọ́jọ́ náà. Kì í ṣe Mùsùlùmí, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n bá ti ń tọ́ nǹkan wò kì í ṣe ibi tó lè gbójú fò. Ó gba ife, ó fà á, ó dúró.

"Ràmọ́nì, o fọ ife yìí, o ò ṣàn án ni?"

Àwọn àgbà rẹ́rìn-ín. Wọ́n da yẹ́lò nù.

Aláwọ̀ ewé ní tíì nínú, a ò ní purọ́. Ó pọ́n, ó korò dáadáa. Ṣùgbọ́n òórùn rẹ̀ dà bí èèpo ọsàn gbígbẹ tí a fi ń lé ẹ̀fọn nínú yàrá. Ràmọ́nì pòṣé. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé bó bá di dandan, òun á gba èyí. Àwọn àgbà kò gbà á. Wọ́n ní ó ń ta àwọn lọ́fun.

Ó wá ṣí ìdérí ìkòkò kẹta. Ooru rẹ̀ gba ojú rẹ̀, ó fà sẹ́yìn. Lọ́fínńdà ni. Kì í ṣe pé ó jọ ọ́, òun gan-an ni: èyí tí wọ́n máa ń kán sí òwú, tí wọ́n á fi pa iwájú orí òkú, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, orúnkún rẹ̀, gbogbo ibi tó fi ń kan ilẹ̀ nígbà tó ń kírun. Ràmọ́nì bù ú fún wọn láìwo ojú ẹnikẹ́ni.

Ògúndìran ní, "Hẹ̀n-ẹ́n! Èyí ń ta sánsán!"

Gbogbo wọn ló gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń fa ife, wọ́n ń tún un gbà.

Samsudeen ní, "Mo wí, ẹ ò gbọ́! Bàbá Sodiqat, ẹ̀yin ò tíì mu."

"Mo ti yó."

"Alásè tó ń sá fún ọbẹ̀ ara rẹ̀? Kí la fẹ́ gbàgbọ́?"

Ẹ̀rín sọ. Ràmọ́nì gbé ife. Ó fà á lẹ́ẹ̀kan, ó tu ú sí iyanrìn, ó tún tutọ́ tẹ̀ lé e.

Samsudeen bú sẹ́rìn-ín. "Ahọ́n oko! Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ahọ́n yín ò rìnrìn àjò rí ni."

Ibẹ̀ ni inú ti bí Ràmọ́nì.

"Lọ́fínńdà òkú ni," ó wí. "Èyí tí mo fi pa iwájú orí Kàdírì tí a sin lọ́jọ́ Àtàláátà. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi pa á. Òun lẹ ń fi ṣúgà mu yẹn."

Àgbà kan gbé ife sílẹ̀. Òmíràn gbé tirẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ wo ife. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wo ọwọ́ rẹ̀, ọwọ́ tó fi bù ú fún wọn. Ràmọ́nì rí ojú wọn bó ṣe ń lọ.

Ògúndìran fẹ́ tún un ṣe. "Ṣé ẹ ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni? Ṣebí tíì ọwọ́ náà lẹ ti ń mu láti ọdún mọ́kàndínlógún wá."

Ìyẹn ló wá ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ẹnìkan sáré lọ sẹ́yìn ògiri, wọ́n gbọ́ tó ń bì.

Samsudeen da tirẹ̀ sílẹ̀. "Bàbá Sodiqat, ẹ ti ba ẹnu wa jẹ́."

Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó tún dárúkọ tíì ọlọ́sàn ní mọ́ṣáláṣí. Wọ́n ní Samsudeen ti fi páálí dúdú ta àna rẹ̀ ní Ìgbẹ́tì lọ́rẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tó ku ọ̀la kí ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀, wọ́n ránṣẹ́ sí Ràmọ́nì pé kó sinmi, àgbà ti dé sí i. Tíì lásán ni wọn óò mu, Misturat ni yóò sè é. Ràmọ́nì ní òun ti gbọ́. Kò bẹ̀ wọ́n. Ojú wọn tó ń wo ọwọ́ rẹ̀ rí i lára ju òórùn ọsàn náà lọ.

Ọjọ́ kìíní ààwẹ̀, ó jókòó sórí ẹní láàárín àwọn yòókù. Ẹni tó wà lápá ọ̀tún rẹ̀ sún díẹ̀, ẹni tó wà lápá òsì náà sún. Samsudeen ló ń pín tíì. Ó bu ti Ràmọ́nì, kò wò ó lójú. Misturat kò jẹ́ kí omi hó kó tó da ewé sí i, mílíìkì ló sì fi bò ó mọ́lẹ̀. Ràmọ́nì fà á. Ojú rẹ̀ fún pọ̀.

Ẹni tó wà lápá òsì kò lè mú un mọ́ra. "Bàbá, tíì náà ńkọ́?"

"Omi ìfọwọ́ ni."

Ẹ̀rín gba orí ẹní láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Misturat ń sọ̀kò ọ̀rọ̀ láti ìdí ìkòkò pé kí Bàbá wá sè é bí wọ́n bá gbóyà. Ràmọ́nì mu ún tán, ó na ife sókè.

"Bù sí i. Òùngbẹ ń gbẹ mí."

Samsudeen wo ọwọ́ tó na ife náà. Ó bù sí i.

Ràmọ́nì mu ìyẹn náà. Ó burú ju ti àkọ́kọ́ lọ.