Ṣíbí Tí A Kò Tà

Àǹtí mi, àbúrò ìyá mi, ń ta gààrí ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ ni wọ́n ti ń yan án fún un, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló ń tún un kù kó tó wọ àpò, torí kò fọkàn tán asẹ́ ẹlòmíràn. Nígbà tí mo bá a ṣí ìkànnì sórí íńtánẹ́ẹ̀tì kí àwọn tó wà lọ́nà jíjìn lè máa rà á, ọ̀rọ̀ kan péré ló bá mi sọ.

"Má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n pè mí ní oníjìbìtì níbẹ̀ o. Orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ."

Mo ní kó bu gààrí sínú abọ́ funfun, kó gbé e dání, mo sì ya fọ́tò. Ẹni àkọ́kọ́ tó rí i, láti Àbújá, kọ̀wé sábẹ́ rẹ̀: ṣé gààrí nìyí àbí yanrìn? Àǹtí mi ò jẹun ọ̀sán lọ́jọ́ náà.

Ká sòótọ́, lókèèrè ó jọ yanrìn. Àfi kéèyàn fà á mọ́ra. Mo wá fi àmì kékeré kan sí igun fọ́tò náà: dígí róbótó tó ní ìdìmú gígùn, irú èyí tí àwọn àgbàlagbà fi ń mú ọ̀rọ̀ inú ìwé tóbi, pẹ̀lú àmì ìròpọ̀ láàárín rẹ̀. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́, fọ́tò á fẹ̀ títí wóró gààrí á fi tó àgbàdo. Inú mi dùn sí ara mi, mo tiẹ̀ ń súfèé.

Kò pẹ́ tí fóònù fi dún. "Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Gààrí yín ti dé, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n mi ò rí ṣíbí."

"Ṣíbí wo?" ni àǹtí mi bi í.

"Èyí tó wà nínú fọ́tò. Ẹ ṣáà fi àmì ìròpọ̀ sí i pé èènì ni."

Ọkùnrin kan pè tẹ̀lé e. Ní tirẹ̀, páànù tí wọ́n fi ń dín ẹyin ló rí, ó sì ní kò dára kéèyàn fi èènì tan oníbàárà jẹ. Bí inú ṣe bí mi tó, mi ò rí wọn bá wí. Ta ló ń ra gààrí láìgba èènì? Bí o bá wọ̀n ọ́n tán tí o kò fi ẹ̀kúnwọ́ kan lé e, oníbàárà á kàn dúró tì ọ́, á la àpò sílẹ̀.

Àǹtí mi kọjú sí mi. Ìjẹ̀bú tó fi bú mi lọ́jọ́ náà jinlẹ̀ débi pé ìdajì rẹ̀ ni mo gbọ́. Ohun tí mo gbọ́ ni pé wọ́n ti sọ ọ́ di oníjìbìtì nítorí ṣíbí tí kò fojú rí rí. Ó dùn mí gan-an.

Mo yọ àmì náà, mo kọ ọ́ gbàgàdà: "Ẹ fi ìka méjì fẹ fọ́tò yìí, ẹ ó rí wóró gààrí." Èyí yé wọn. Ó tiẹ̀ yé wọn jù.

Obìnrin kan pè. "Mo ti fẹ̀ ẹ́ wò, mà. Gààrí yín kúnná, kò ní pàǹtí kankan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀pà etí abọ́ yẹn, ṣé ẹyọ kan náà lẹ máa fi sí i?"

A fẹ̀ ẹ́ wò. Lóòótọ́ ni, ẹ̀pà kan wà níbẹ̀, ara èyí tí àǹtí mi ń jẹ lẹ́nu nígbà tí mò ń ya fọ́tò. Mo ti ń múra èébú sílẹ̀, àfi bó ṣe bú sẹ́rìn-ín, tó fi jókòó lé àpò gààrí. Lọ́jọ́ kejì ó ra ẹ̀pà, ó ra ṣíbí, ó sì ń fi méjèèjì sí gbogbo àpò tó ń jáde.

Nígbà tó yá, ẹnì kan kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò náà: "Ohun tí ẹ bá rí nínú fọ́tò ìyá yìí, òun gan-an ni wọ́n á fi ránṣẹ́ sí yín." Mo kà á fún àǹtí mi, ó ní kí n tún un kà. Mo tún un kà, ó sì ń fi etí gèlè nu ojú.

Lẹ́yìn náà ló gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó fi ìka méjì fẹ fọ́tò náà. Ó kọjá gààrí, ó kọjá ẹ̀pà, ó dé ọrùn ọwọ́ tó gbé abọ́ dání, níbi tí ẹ̀gbà wúrà rẹ̀ ti ń dán. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ ẹ̀gbà náà.

"Tètè tún fọ́tò yẹn yà," ó ní, "kí wọ́n tó fẹ̀ ẹ́ débí."