Ìbọn Ládépọ̀ Tó Ronú Pìwà Dà

Wọ́n ní ìbọn Ládépọ̀ ti ronú pìwà dà. Ní Igbó-Elérin, wọ́n ní wòlíì kan ti rì í bọmi létí òkun, pé ìbọn náà fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun kò ní ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ mọ́ láyé. Kí ọ̀rọ̀ náà tó dé Ìyànà-Ìbà, ìbọn ti ń kọrin ẹ̀mí. Nígbà tó fi máa dé Okokomaiko, ó ti ń ríran sí àwọn aboyún.

Ẹ jẹ́ ká fi ìbọn sílẹ̀ ná, ká mú olówó rẹ̀. Ládépọ̀ ni ọdẹ tí àwọn onílé òpópónà kan ní Ìbà Housing Estate gbà síṣẹ́ pé kó máa ṣọ́ àwọn. Irùngbọ̀n rẹ̀ gùn, ìtàn rẹ̀ gùn, ìbọn ṣakabùlà rẹ̀ gùn, ṣùgbọ́n oorun rẹ̀ ló gùn jù. Bó bá jókòó tì yín, á ní gbogbo olè Ọ̀jọ́ ló mọ ohùn ìbọn òun ju ohùn ìyá tó bí wọn lọ. Bí ẹ bá ní ẹ̀yin kò gbọ́ ọ rí, á wò yín tàánú-tàánú, á ní, ẹ ti sùn ni. Ta ló fẹ́ bá a jiyàn? Ẹni tó sùn kò mọ ohun tó dún.

Ọjọ́ tí àṣírí fẹ́ tú, ọ̀sán Sunday ni. Àwọn onílé kan ti ń sọ pé àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin oníyunifọ́ọ̀mù làwọn fẹ́ gbà rọ́pò rẹ̀. Alága wọn, Alàgbà Múyìwá, wá ní kí Ládépọ̀ yin ìbọn ẹ̀ẹ̀kan péré, kí gbogbo ayé lè gbọ́. Ládépọ̀ yọ àyà síta bí àkùkọ tó fẹ́ kọ. Àwọn ìyá kó ọmọ wọlé, àwọn àgbà fọwọ́ dí etí. Ó fà á. Ìbọn ní “kẹ́.” Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ewúrẹ́ kan tó ń jẹ èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tilẹ̀ gbórí sókè.

Alága fún un láyè di ìpàdé tó ń bọ̀: bí ìbọn kò bá dún, kó kó ẹrù rẹ̀ kúrò nínú yàrá ẹnu géètì. Yàrá ọ̀hún ni òun àti Àṣàkẹ́ ìyàwó rẹ̀ ń gbé. Wọn kò ní òmíràn.

Ìgbà náà ni Ládépọ̀ rántí alágbẹ̀dẹ tó rọ ìbọn náà ní Ìmẹ̀kọ, Bàbá Ìṣẹ́gun. Baba yìí ti fi irin búra fún un pé bí ìbọn náà bá yadi, ọ̀fẹ́ lòun yóò tún un ṣe, àfi bó bá jẹ́ ọwọ́ olówó rẹ̀ ló bà á jẹ́. Ládépọ̀ pè é lórí fóònù. Baba ní kó yọ igi rẹ̀ sílẹ̀, kó fi irin nìkan ránṣẹ́.

Àṣàkẹ́ bi í pé kí ló dé tí kò lè gbé e lọ fúnra rẹ̀.

“Ta ni yóò máa ṣọ́ àdúgbò?” Ládépọ̀ fèsì.

“Ẹni tó ti ń ṣọ́ ọ bọ̀ náà ni, Bàbá Tọ́lá. Ọlọ́run,” ni Àṣàkẹ́ dá ọkọ rẹ̀ lóhùn.

Kí a má parọ́, àwọn ọlọ́pàá ojú ọ̀nà ló ń bà á lẹ́rù. Ṣàkírù, dẹ́rẹ́bà tó ń ná Ìmẹ̀kọ láti Ìyànà-Ìbà, kì í sì í gbé ìbọn tí olówó rẹ̀ kò bá tẹ̀ lé e. Ni akọni wa bá fi sùtánà rẹ̀ wé irin ìbọn, ó fi ìgbànú ṣọ́ọ̀ṣì dì í, ó ní ọ̀pá wòlíì ni. Ṣàkírù tó jẹ́ mùsùlùmí fi ọ̀wọ̀ gbà á, ó tẹ́ ẹ sórí ìjókòó iwájú.

Àfi bí Ìbídùn, ọmọ ìjọ Ládépọ̀, ṣe wà nínú ọkọ̀ náà. Ó fọwọ́ kan ọ̀pá wòlíì, ìka rẹ̀ wọ ihò. Ládépọ̀ fà á sápá kan, òógùn bò ó. Ó ní ìbọn òun ni, pé ẹ̀jẹ̀ ènìyàn ti sú u, pé òun ń fi í ránṣẹ́ fún ìwẹ̀nùmọ́, kí ó jọ̀ọ́, kó má sọ fún ẹnì kankan. Ìbídùn ṣèlérí. Ẹ ti mọ ibi tí ìlérí náà bá a dé.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ yí padà dé etí Ládépọ̀, inú rẹ̀ dùn. Ìbọn tó ronú pìwà dà sàn ju ìbọn tó yadi lọ. Nígbà tó fi di ọjọ́ ìpàdé, òun gan-an ti gbà á gbọ́. Ó dìde láàárín àwọn onílé, ó fi ohùn oníwàásù béèrè bóyá a máa ń lé ẹni tó bá yí padà kúrò nílé. Ìyá Bọ́sẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn onílé, ti ń ṣe àmín. Àwọn méjì mìíràn ti ń mirí.

Alága kò ṣe àmín. Ó béèrè ibi tí ìbọn wà, ó gba nọ́ńbà alágbẹ̀dẹ lọ́wọ́ Ládépọ̀, ó pè é, ó sì fi í sórí spíkà. Ohun tí baba kọ́kọ́ béèrè ni ta lòun ṣẹ̀ ní Èkó tó fẹ́ pa òun, nítorí díẹ̀ ló kù kí òun ti irin náà bọ iná kí òun tó yọjú wo inú rẹ̀.

“Ẹ bá mi sọ fún Ládépọ̀,” ni baba wí, “ọ̀fẹ́ kọ́ lèyí o. Ẹ̀tù tí èmi fọwọ́ ara mi kì sí i lọ́jọ́ tó rà á ṣì wà nínú ẹ̀, ó ti gan bí òkúta. Àkísà aṣọ ìyàwó mi tí mo fi dí i ṣì wà lórí ẹ̀.”

Ìyá Bọ́sẹ̀ gba àmín rẹ̀ padà. Àṣàkẹ́ tó wà lẹ́yìn ọkọ rẹ̀ kò wo ojú ẹnì kankan, ó wọ yàrá ẹnu géètì lọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ. Ládépọ̀ ṣì ń wá ibi tí yóò fi irùngbọ̀n sí.

Ìbọn náà kò dún rí láti ọjọ́ tó ti rà á.