Ẹ̀fọ́ Tí Kòkòrò Kò Jẹ

Ẹ forí jì mí bí ọ̀rọ̀ mi kò bá tò dáadáa. Sítáńdáàdì Kejì ni mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀, n kò sì kọ ohun tó gùn ju lẹ́tà sí ẹ̀gbọ́n mi rí. Lójú ènìyàn, ohùn mi kì í jáde. Nítorí náà ni mo ṣe ní kí n kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi sílẹ̀ fún yín, kí n lè sọ ọ́ dópin láìsí ẹni tí yóò já lu ọ̀rọ̀ mi.

Ìrẹ̀mọ là ń gbé: èmi, ọkọ mi, Àdùkẹ́ ọmọ wa tó pé ọdún méjì, àti bàbá òun ìyá ọkọ mi. Èmi ni mo ń se ọbẹ̀ ilé. Ẹ̀fọ́ wọ̀rọ̀wọ́ ni gbogbo wọn fẹ́ràn, àkùrọ̀ ìyá tó bí mi ni mo sì ti máa ń já a. Kòkòrò a máa jẹ ewé ibẹ̀. Kí ni mo fẹ́ ṣe sí i? Òun náà ń wá oúnjẹ.

Ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni ìyá ọkọ mi ń fi ihò ara ewé náà bú mi. Á gbé ọ̀kan sókè, á máa wò mí láti ojú ihò rẹ̀.

“Ìyàwó, ṣé àjẹkù kòkòrò lo fẹ́ máa fi bọ́ wa ni? Mo ń rí ọ láti ibí o.”

Gbogbo ilé á rẹ́rìn-ín. Èmi náà á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ti sú mi.

Lọ́dún náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fín oògùn sí kòkó Bàbá lójú ọ̀nà Ẹdúnàbọ̀n, nítorí kòkòrò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa oko náà run. Ọkọ mi ló ń gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fín in kọ́ ẹ̀yìn. Lọ́jọ́ kan tí mo gbé oúnjẹ lọ fún un, mo rí agolo oògùn náà nílẹ̀. Wọ́n ya agbárí òkú sí i lára, wọ́n sì kọ ọ̀rọ̀ Òyìnbó kan sí abẹ́ rẹ̀. Mo pe lẹ́tà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan títí mo fi mọ̀ ọ́n. Májèlé ni wọ́n kọ síbẹ̀.

Mo ní, “Bàbá Àdùkẹ́, wọ́n kọ májèlé sí i.”

Ó ní, “Ti kòkòrò nìyẹn. Àbí ìwọ ni kòkòrò?”

Ó ní oògùn ni ẹni tó wá kọ́ àwọn bí a ṣe ń fín in pè é, òun kò sì tíì gbọ́ pé oògùn pa àgbẹ̀ rí. Èyí tí à ń lò sí ibà, oògùn là ń pè é. Èyí tó ń pa kòkòrò, oògùn náà ni. Ta ni mo jẹ́ tí n óò fi bá wọn jiyàn lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo? Mo gbé oúnjẹ rẹ̀ kalẹ̀ fún un.

Ní ọjọ́ kẹta tí wọ́n fín oko náà, mo rí wọ̀rọ̀wọ́ lábẹ́ igi kòkó. Ó ń dán. Kò sí ihò kankan lára rẹ̀. Mo rántí agolo náà o, n kò ní parọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n mo tún rántí ẹ̀rín ilé. Mo já a kún agbọ̀n.

Ìyá ọkọ mi yẹ̀ ẹ́ wò níwá lẹ́yìn. “Ìyàwó mi ti lajú,” ló wí. “Ẹ̀fọ́ ọmọ ènìyàn rèé.”

Inú mi dùn. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo bu ọbẹ̀ fún Àdùkẹ́.

Kí oòrùn tó wọ̀, ọmọ náà ti ń bì. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n nínú ọwọ́ mi, n kò sì lè dá a dúró. Mo pọ̀n ọ́n, mo sáré lọ sí ọsibítù. Nọ́ọ̀sì bi mí pé kí ló jẹ. Ìyá ọkọ mi tó tẹ̀lé mi ló dáhùn pé ẹ̀fọ́ tó mọ́ tónítóní ni.

Ìgbà yẹn ni ohùn mi jáde. Mo ní abẹ́ kòkó tí wọ́n fín ni mo ti já a, mo sì ti ka ohun tó wà lára agolo kí n tó já a. Ìyá ọkọ mi wò mí bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí.

Ọjọ́ mẹ́ta la lò níbẹ̀. Ẹ bá mi dúpẹ́, ọmọ náà yè.

Ṣé ẹ rò pé ọ̀rọ̀ parí? Nígbà tí a padà délé, Bàbá ní gbogbo ilé ló jẹ ọbẹ̀ náà, kí ló dé tí ọwọ́ ẹlòmíràn kò gbọ̀n? Ọkọ mi ní bóyá eyín ló ń hù. Èmi kò lè búra pé ẹ̀fọ́ náà ni, nọ́ọ̀sì pàápàá kò búra. Ó kàn ní kí n má ṣe já ohunkóhun jẹ mọ́ níbi tí wọ́n bá ti fín oògùn.

Kí a tó dìde níbẹ̀, ìyá ọkọ mi ní àlejò ń bọ̀ lọ́la, wọ̀rọ̀wọ́ tó dán ni kí n wá, kí ojú má ti òun. “Bí ẹ̀rù bá ń bà ọ́, fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta.”

Mo ní, “Ẹ ṣeun, Ìyá.” Ó ti rẹ̀ mí ju kí n tún bẹ̀rẹ̀ àlàyé.

Ohun tí mo rí kọ́ kò pọ̀. Oúnjẹ tí kòkòrò bá ń sá fún, kí ènìyàn rò ó dáadáa kó tó fi bọ́ ọmọ. Ẹni tó bá sì mọ ìwé kà, tí kò sọ ohun tó kà, kí ni ìwé náà wúlò fún? Ẹ̀yin tí wọ́n ń fín oko lọ́dọ̀ yín, báwo lẹ ń ṣe ti ẹ̀fọ́ abẹ́ kòkó? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ tiyín náà kí n kà á.

Ní tèmi, ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ará ilé tó jí, mo gba àkùrọ̀ ìyá mi lọ. Mo já ẹ̀fọ́ oníhò kún agbọ̀n, mo ṣà á, mo fọ̀ ọ́, mo sì mú ọ̀bẹ jókòó tì í. Mo rẹ́ ẹ wẹ́wẹ́, mo tún un rẹ́, títí ẹnikẹ́ni kò fi lè mọ ibi tí kòkòrò ti jẹ.