Èmi Náà Ni Iye Wọn

Bí oníbàárà bá bi mí ní iye tí epo pupa mi jẹ́ ní ọjà Ọ̀rẹ̀, ìyá ọkọ mi tó ti re ọ̀run ni mo máa ń rántí, ẹ̀rín á sì pa mí. Àwa Ìkálẹ̀, iye là ń pe ìyá.

Òdìgbò ni Màmá ti ń ṣoko kòkó nígbà ayé wọn. Wọn kì í ka ọmọ rárá. Bí wọ́n bá fẹ́ bu oúnjẹ, ojú ni wọ́n máa ń wò, wọ́n á ní, “Ta ni kò tíì jẹ?” Àmọ́ wọ́n mọ̀ pé tèmi kò pọ̀. Méjì ni mo bí, mo ní ó tó.

“Ìyàwó,” wọ́n á ní, “ṣé o ti ti ṣọ́ọ̀bù ọmọ bíbí náà ni?”

Lọ́jọ́ kan, ọmọge kan dé ilé Màmá láti ọ̀dọ̀ ìjọba, ó ń wádìí bí àwọn obìnrin ṣe ń bímọ sí. Ìyá ọkọ mi ló kọ́kọ́ bi:

“Màmá, iye ọmọ yín ńkọ́?”

“Èmi náà ni iye wọn.”

Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi dìgbò lu kẹ́ẹ̀gì epo mi. Mo ní, “Màmá, mélòó lẹ bí ni wọ́n ń bèèrè.”

Ọmọge náà fi kún un: “Àti àwọn tí kò dúró, mà.”

Màmá wá bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ wọn jẹ́jẹ́, ọ̀pọ̀ orúkọ tí n kò gbọ́ rí nínú ilé yẹn. Ẹ̀rín mi gbẹ. Wọ́n wo àwọn ọmọ mi tó ń já àgbàdo gbà lọ́wọ́ ara wọn lójúde.

“Ìyàwó, à ń bí i lọ nígbà yẹn ni, torí a ò mọ èyí tó máa dúró.”

Wọ́n wá kọjú sí ọmọge náà: “Kọ méjì fún ìyàwó mi. Ó tó.”