Sálúbàtà Tí Bámitálẹ́ Tẹ̀lé

Ajá ló jẹ́ kí Kamaldeen mọ ọ̀nà Kasarawa. Kì í ṣe pé ìrìn wù ú. Wẹ́dà ni, orí ìdúró ló máa ń wà láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ṣùgbọ́n bó bá ti kírun àsùbá tán, Bámitálẹ́ ajá rẹ̀ á ti wà lẹ́nu géètì, á máa ju ìrù. Bí Kamaldeen bá pẹ́, ajá á máa ha ilẹ̀kùn. Báyìí ni wọ́n ṣe ń gba Sama Road lọ, títí dé ìdí Sàní onítíì ní Kasarawa. Kamaldeen á mu tíì. Bámitálẹ́ á jẹ ẹ̀yìn búrẹ́dì. Wọ́n á padà sílé.

Táwà ìyàwó rẹ̀ a máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́: "Nínú ẹ̀yin méjèèjì, ta ló ń mú ta jáde?"

Ibà pa Kamaldeen. Ọ̀sán ló kú, wọ́n sin ín kí oòrùn tó wọ̀. Táwà wọlé opó. Títí opó á fi tán, kò gbọdọ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà. Ó ku Gbádéyan, àbúrò Kamaldeen, tó ń lẹ táyà níwájú ilé. Ó ku ajá.

Ajá kò mọ opó. Láràárọ̀ ló ń ha ilẹ̀kùn. Bí ládánì bá ń pe ìrun, òun náà á máa hu. Gbádéyan so okùn mọ́ ọn lọ́rùn, ó fà á. Ajá jókòó pa. Ó fi ẹran tàn án. Ojú fèrèsé ni ajá ń wò.

Alhaji Mamman onílé fara dà á títí, ó sú u.

"Haba, Gbádéyan! Ajá ń bá ládánì du ohùn? Nítorí ẹ̀gbọ́n rẹ ni mo ṣe gbà á. Òun ń mú un jáde, ara rẹ̀ ń balẹ̀. Ìwọ ò lè mú un jáde ni?"

"Kì í tẹ̀lé mi, Alhaji."

"Tó bá tún hu lọ́la, màá ní kí wọ́n wá gbé e lọ."

Gbádéyan mọ ibi tí wọ́n ń gbé irú ajá bẹ́ẹ̀ lọ. Ìkòkò ọbẹ̀ ni.

Ó lọ dúró síwájú kọ́tìnì Táwà. "Àǹtí, ẹ gbọ́ ohun tí Alhaji wí?"

"Mo gbọ́, ọkọ mi." Kì í dárúkọ àbúrò ọkọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́ jáde lábẹ́ kọ́tìnì. Sálúbàtà awọ Kamaldeen ló wà níbẹ̀. "Ẹ wọ̀ ọ́. Bóyá ìró ẹsẹ̀ ló mọ̀."

"Ó tóbi jù fún mi."

"Ẹ máa wọ́ ọ nílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n yín náà a máa wọ́ ọ."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Gbádéyan wọ́ sálúbàtà dé ẹnu géètì. Bámitálẹ́ fò dìde. Ó gbó, ó pòyì, díẹ̀ ló kù kó gbé e ṣubú. Táwà rẹ́rìn-ín lójú fèrèsé. Ó ti pẹ́ tó ti rẹ́rìn-ín gbẹ̀yìn. Ajá ń fa Gbádéyan lọ, sálúbàtà ń lu ilẹ̀ pà, pà, òun náà ń rẹ́rìn-ín bí wèrè lójú títì.

Sàní gbọ́ ìró bàtà. Kò gbójú sókè. Kọ́ọ̀pù Kamaldeen ló mú, ó ti ń da tíì sí i kó tó wò. Ọwọ́ rẹ̀ dúró.

Ajá ń gbóòórùn sálúbàtà. Ó gbóòórùn ẹsẹ̀ tó wà nínú rẹ̀. Ó wo ojú Gbádéyan. Ó wọ abẹ́ bẹ́ǹṣì lọ, ó dùbúlẹ̀.

Gbádéyan fà á, fà á.

"Fi í sílẹ̀," Sàní ní. "Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń dúró dè."

"Ẹ̀gbọ́n mi ò ní wá mọ́."

"Èmi mọ̀. Ta ló máa sọ fún un?"

Okùn nìkan ni Gbádéyan mú délé. Táwà rí i láti ojú fèrèsé.

Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá ti kírun àsùbá tán, Táwà á ti ẹ̀yìn búrẹ́dì síta lábẹ́ kọ́tìnì. Gbádéyan tí kò fẹ́ràn ìrìn á mú un, ó di Kasarawa. Á padà dé.

"Ó jẹ ẹ́?"

"Ó jẹ ẹ́, Àǹtí."

"Ó gbójú sókè?"

"Ó gbé e."

"Ta ló ń wò?"

Gbádéyan rántí bí ajá ṣe ń wo ọ̀nà tí Kamaldeen máa ń gbà wá, ó lọ gbé páǹpù rẹ̀. Kò sí táyà kankan nílẹ̀.