Wáyà Mi Dé Brazil

Ogún náírà ni ọṣẹ ìfọṣọ kan ní Muṣin nígbà tí sójà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìjọba sílẹ̀. Ẹ bá mi fi ọṣẹ yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná.

Wáyà kọ́pà àlòkù ni mò ń tà. Ọkùnrin tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kángun sí tèmi náà ń tà á. Ó wá ń sọ fáwọn oníbàárà mi pé wáyà mi ti jẹrà nínú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń lé eṣinṣin. Mi ò bá a jà. Mo kàn ń rẹ́rìn-ín sí i, mo sì ń wá ọjọ́ rẹ̀.

Bàbá kan wà ní Ìdí-Àràbà, onírédíò inú ọkọ̀ òkun tó ti fẹ̀yìn tì. Ìjọba fún un níwèé àṣẹ láti máa fi rédíò bá ará òkè òkun sọ̀rọ̀. Ọ̀dọ̀ mi ló ti ń ra wáyà. Mo bẹ̀ ẹ́ kó gbé ẹrù rẹ̀ wá síwájú ṣọ́ọ̀bù mi lọ́sàn-án Sátidé kan. Ó gbé rédíò kékeré wá, kọ̀ǹpútà, àti bátìrì mọ́tò. A na wáyà mi láti orí páànù dé orí igi mángòrò. Bàbá ní agbára tí rédíò náà fi ń ránṣẹ́ kò ju ti gílóòbù tọ́ọ̀ṣì lọ. Kọ̀ǹpútà á sọ ọ̀rọ̀ di ìfé, kọ̀ǹpútà ẹni tó wà lọ́hùn-ún á sọ ìfé di ọ̀rọ̀ padà.

Aládùúgbò mi bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá, eléyìí ò lè dé Ojúẹlẹ́gbà! Pẹ̀lú wáyà jíjẹrà Àǹtí yìí?"

"Tó bá dé òkè òkun ńkọ́?" ni mo bi í.

"Màá ra gbogbo wáyà inú ṣọ́ọ̀bù yín. Iye tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ pè ni màá san!"

Gbogbo ọjà hó yèè. Iye tí wọ́n kọ́kọ́ pè kẹ̀? Ní Muṣin tá a ti ń ná pósí?

Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ kọ̀ǹpútà, ìfé tín-ín-rín ń jáde. Ni ọkùnrin yìí bá wọ́ jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ sún mọ́ wa, ó tàn án. Etí wa di.

"Ṣé ẹ gbọ́ nǹkan kan?" Ó tiẹ̀ ń jó.

Kò sẹ́ni tó gbọ́ nǹkan kan lóòótọ́. Ó rò pé etí ni wọ́n fi ń gbà á. Kọ̀ǹpútà Bàbá ń ṣa ìfé nínú ariwo bí ẹni ń ṣa òkúta lára ẹ̀wà. Lẹ́tà ń yọ lójú rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Àwọn kan sọnù, àmọ́ èyí tó kù tó kà. Bàbá túmọ̀ rẹ̀ fún wa: "Mo rí ọ̀rọ̀ rẹ, Lagos. Brazil ni mo wà."

Ijó dáwọ́ dúró.

"Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe é ní..."

"O fẹ́ ná an ni?"

Ọjà bá mi dá a lóhùn: "Kò sí nínú àdéhùn!"

Wáyà yẹn ò ju ẹgbẹ̀rún kan àbọ̀ lọ. Mo fẹ́ pe ẹgbẹ̀rún mẹ́rin. Kí n tó lanu, mo rántí orúkọ mi tó ti fi yí ẹrẹ̀, mo fi owó ọṣẹ kan lé e. Ó kà á sí mi lọ́wọ́, jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ ṣì ń jó epo lásán: ẹgbẹ̀rún mẹ́rin náírà ó lé ogún.