Ẹni Tó Ń Kí Ayaba

Tí mo bá ti rí ṣẹ́ẹ̀sì, eré orí pátákó tó ní ọba, ayaba àti ẹṣin, ẹ̀gbọ́n kan tó jẹ́ aránṣọ ní àdúgbò wa ní Mushin ni mo máa ń rántí. Kì í jẹ ayaba ẹnikẹ́ni láì kọ́kọ́ sọ pé, "Ẹ má bínú, mà."

Àwọn òǹwòran á ní, "Ẹ kí ẹṣin náà!"

Òun náà á dáhùn pé, "Ṣé ẹṣin bímọ fọ́ba ni?"

Nínú ìdíje kan ní Yaba, òun àti ọmọ mi pàdé. Rẹfirí ní wọn kì í sọ̀rọ̀ nídìí eré, tí ẹ̀gbọ́n bá tún sọ̀rọ̀, ó ti pàdánù. Ni ọmọ mi bá kánjú, ó gbé ayaba síbi tí ẹ̀gbọ́n ti lè jẹ ẹ́. Ẹ̀gbọ́n wo ayaba, ó wo rẹfirí, ó sún nǹkan mìíràn. Ọmọ mi borí.

Mo bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò rí ayaba ni?"

"Mo rí wọn. Kí n wá jẹ wọ́n láì kí wọn, bí ẹni tí wọn ò kọ́ nílé?"